Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà: Ẹwà Ni Tàbí Agbára?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí a bá fi òwe yìí wọn àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, a ó rí i pé kò wọ́pọ̀ kí orílẹ̀-èdè kan gba òwe náà gbọ́ tó wọn. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn tí ń ṣe mọ́tò níbẹ̀ ti mọ̀ pé ojú ni í kọ́kọ́ ra ọjà kí ọwọ́ tó wọ àpò. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tí ó ti ibẹ̀ jáde kò tíì parí títí di òní olónìí. Níbi tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ bá gbé pé jọ, yálà ní ìlú Detroit, tàbí ní Havana, tàbí lábẹ́ igi tí àwọn mekánííkì ń jókòó sí ní Èkó, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ǹjẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà lẹ́wà ní tòótọ́? Ǹjẹ́ ó ń tọ́jọ́? Kí ni ó sì fà á tí ọkàn ènìyàn fi ń fà sí i bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, a fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò tinú-tẹ̀yìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Owó tí ènìyàn fi ń ra ọkọ̀ kì í ṣe owó kékeré, ẹ̀mí tí ó sì ń jókòó sínú rẹ̀ kò ní àpààrọ̀.

LÁTI ỌWỌ́ FORD DÉ ỌWỌ́ SLOAN

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1908 ni Ọ̀gbẹ́ni Henry Ford gbé ọkọ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Model T jáde. 850 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á. Ní ọdún 1913 ó dá ọgbọ́n titun kan sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Highland Park: òṣìṣẹ́ dúró sójú kan, ọkọ̀ ni ó ń rìn kọjá níwájú rẹ̀, olúkúlùkù a sì de ẹ̀yà tirẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí ó ń gba nǹkan bí wákàtí méjìlá ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di iṣẹ́ nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀. Bí iṣẹ́ ti ń yá sí i ni owó ọkọ̀ náà ń wálẹ̀, títí tí kò fi tó 300 dọ́là mọ́ nígbà tí yóò fi di ọdún 1925. Mílíọ̀nù 15 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a dúró ní ọdún 1927.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Model T rẹwà. Ó ga lórí ẹsẹ̀ tínínrín bí ẹyẹ lékeléke, láti ọdún 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni wọ́n sì ń kùn ún. Ṣùgbọ́n gíga yẹn ni ó fi ń la ẹrẹ̀ oko kọjá, àgbẹ̀ tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ mekánííkì rí sì lè fi òòlù àti wáyà tún un ṣe lábẹ́ àká rẹ̀. Ìwà ni ó ní, kò ní ẹwà.

Ọ̀gbẹ́ni Alfred Sloan, tí ó di ààrẹ ilé iṣẹ́ General Motors ní ọdún 1923, ni ó rí ohun tí Ford kò rí. Ó wòye pé ẹni tí ó ti ní ọkọ̀ kan kò ní wá òmíràn mọ́ bí kò bá sí ohun tí yóò mú kí ti àtijọ́ sú u. Nítorí náà, ó to àwọn ọkọ̀ rẹ̀ bí àkàbà: Chevrolet fún mẹ̀kúnnù, Cadillac fún ọlọ́lá, àwọn yòókù sì wà láàárín. Bí owó ènìyàn bá ti ń pọ̀ sí i ni yóò máa gun àkàbà náà. Lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń yí ojú ọkọ̀ padà, kí aládùúgbò lè mọ̀ pé ti èṣí ni èyí tí o ń wà. Ní ọdún 1927 ni ó gba Ọ̀gbẹ́ni Harley Earl síṣẹ́ láti máa bójú tó ìrísí àti àwọ̀ nìkan. Láti ọjọ́ náà ni ayàwòrán ti bá oníṣẹ́ irin jókòó lórí àga kan náà.

Amọ̀ ni Earl fi ń ṣe àpẹẹrẹ ọkọ̀ rẹ̀, bí àwọn ìyá wa tí ń mọ ìkòkò. Ó ń fẹ́ kí ọkọ̀ gùn, kí ó sì rẹlẹ̀, kí ojú lè máa yọ̀ lára rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn láìkọsẹ̀. Bí ẹ bá ti rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ara rẹ̀ ń ṣàn bí omi odò, tí irin dídán sì yí i ká bí ẹ̀gbà ọwọ́ ìyàwó, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ Earl ni ẹni tí ó ya á ti kọ́ iṣẹ́.

ÌGBÀ TÍ MỌ́TÒ HÙ LẸBẸ

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Earl àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí ọkọ̀ òfuurufú ogun kan, Lockheed P-38, tí ìrù rẹ̀ pín sí méjì. Ìrù yìí ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe, nígbà tí ó sì di ọdún 1948, Cadillac jáde pẹ̀lú lẹbẹ kéékèèké méjì ní ẹ̀yìn, bí ti ẹja. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń fẹ́ irú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Virgil Exner ti ilé iṣẹ́ Chrysler náà kò jẹ́ kí ó tán síbẹ̀. Ní ọdún 1957 ó gbé àwọn ọkọ̀ jáde tí lẹbẹ wọn ga tí ara wọn sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi ba àwọn ará General Motors. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1959, lẹbẹ Cadillac ti ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ, iná pupa méjì-méjì sì yọ jáde lára rẹ̀ bí ọta ìbọn.

Ibí yìí ni àwọn olólùfẹ́ ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní Cadillac ọdún 1959 ni òkè ẹwà: ó fi ayọ̀ àti ìgbéraga orílẹ̀-èdè kan tí ó borí ogun hàn, kò sì sí ọkọ̀ òde òní tí ọmọdé lè dá mọ̀ láti òkèèrè bíi tirẹ̀. Àwọn mìíràn ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Lójú tiwọn, Chevrolet ti ọdún 1955 sí 1957 ló mọ̀ ibi tí ó yẹ kí ẹwà dúró sí. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ sọ̀yà nítorí Studebaker ọdún 1953, tí ó ti ilé iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Raymond Loewy jáde, tí kò ní lẹbẹ, tí kò fi irin dídán bora, síbẹ̀ tí ojú kò lè kúrò lára rẹ̀.

Ní tiwa, a gbà pé àwọn tí ń yin ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni wọ́n jàre. Ẹ̀rí wà. Ní ọdún 1957 ni Ford gbé Edsel jáde, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ Henry Ford sọ. Wọ́n ti fi ìpolówó ńlá dá àwọn ènìyàn lọ́kàn sókè, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, irin tí ó wà níwájú rẹ̀ rí bí àjàgà tí a fi kọ́ ẹṣin lọ́rùn. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi dá a dúró, nǹkan bí mílíọ̀nù 250 dọ́là ni a sì gbọ́ pé ó bá a lọ. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan náà ni ó mú Mustang jáde ní ọjọ́ 17, oṣù kẹrin, ọdún 1964. Bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, owó rẹ̀ kò ju 2,368 dọ́là lọ. Kí ọdún méjì tó pé, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n tà. Ohun tí Edsel fi ariwo wá, Mustang fi ìrísí tí ó mọ níwọ̀n rí i.

ǸJẸ́ Ó Ń TỌ́JỌ́?

Ìbéèrè kejì yìí ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àwọn tí ń gbèjà ọkọ̀ Amẹ́ríkà ní ẹjọ́ rere láti rò. Èkíní, ẹ́ńjìnì rẹ̀ tóbi, kì í sì í sáré jù. Iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnì kékeré ń fi gbogbo agbára ṣe, ó ń fi ìdajì agbára tirẹ̀ ṣe é. Alágbára tí kì í yára kì í tètè rẹ̀. Èkejì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn àtijọ́ ni ó ní férémù irin ní abẹ́, tí a wá gbé ara ọkọ̀ kà. Bí ara bá bàjẹ́, egungun ṣì wà. Ẹ̀kẹta, wọ́n ń ṣe ẹ̀yà kan náà fún ọdún púpọ̀, nítorí náà kì í ṣòro láti rí i rà. Ẹ́ńjìnì V8 kékeré tí Chevrolet gbé jáde ní ọdún 1955 ni ó bí ìdílé kan tí iye rẹ̀ pé mílíọ̀nù 100 ní ọdún 2011. Ohun tí ó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sí mekánííkì tí kò ní mọ inú rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí wọn tí ó lágbára jù ni takisí Checker, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Kalamazoo. Ilé iṣẹ́ náà kò bá ẹnikẹ́ni sáré lẹbẹ. Láti nǹkan bí ọdún 1958 títí di ọdún 1982 tí wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn, díẹ̀ ni ojú ọkọ̀ náà fi yí padà. Ó rí bí àpótí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gbòòrò, irin rẹ̀ nípọn, bí apá kan bá sì bàjẹ́, wọ́n a tú u, wọ́n a fi òmíràn dè é. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn ní New York kò kúrò lójú ọ̀nà títí di ọdún 1999, nígbà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin mílíọ̀nù kan máìlì.

Ṣùgbọ́n àwọn alátakò náà kò dákẹ́. Wọ́n rán wa létí pé àwọn ọkọ̀ arẹwà tí Chrysler gbé jáde ní ọdún 1957, ìkánjú ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Òjò ń wọlé sínú wọn, ara wọn sì tètè dógùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Chevrolet Vega, tí ó jáde ní ọdún 1970: ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò fẹ́ ooru, irin ara rẹ̀ sì ń jẹ kí gbèsè rẹ̀ tó tán. Ní àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ fi ń wá èyí tí ó ti Arizona wá, níbi tí ilẹ̀ gbé gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé Ìjàpá, ọkọ̀ Volkswagen àwọn ará Jámánì, ni ó dá àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ ní ìlú tiwọn. Ojú rẹ̀ kò yí padà lọ́dọọdún, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ń rà á, nítorí wọ́n mọ̀ pé ti èṣí kò burú ju ti ọdún yìí lọ.

IRIN NÍNÍPỌN KÌ Í ṢE ÀÀBÒ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ máa ń sọ: pé irin ìgbà náà nípọn, nítorí náà kò lè pa ènìyàn. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ níbi yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ní ọdún 1965 ni Ọ̀gbẹ́ni Ralph Nader kọ ìwé kan tí ó fi fi ẹ̀sùn kan àwọn tí ń ṣe mọ́tò pé wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Owó ń lọ sórí irin dídán lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n òpó sítíárìn le bí ọ̀kọ̀ sí àyà awakọ̀, kò sì sí ìgbànú tí yóò di ènìyàn mú. Ó tilẹ̀ fi hàn pé lẹbẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ lọ́ṣẹ́. Àwọn baba wa ti gbàdúrà èyí tipẹ́: igi gogoro má gùn mí lójú. Ní ọdún 1966 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ààbò ọkọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1968, ìgbànú ìjókòó di ọ̀ranyàn nínú ọkọ̀ titun.

Ní ọdún 2009, àjọ kan tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀ fún ààbò ojú ọ̀nà mú Chevrolet Bel Air ọdún 1959 àti Chevrolet Malibu ọdún 2009, wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì fi eré 40 máìlì ní wákàtí kan kọlu ara wọn. Ère ni wọ́n fi jókòó bí awakọ̀. Iwájú Malibu rún, ṣùgbọ́n yàrá tí ènìyàn ń jókòó sí kò wó. Ẹsẹ̀ nìkan ni awakọ̀ ìbá fi ṣèṣe. Ti Bel Air, yàrá náà wó pátápátá, sítíárìn wọ àyà ère náà. Bí ó bá ṣe ènìyàn ni, ìbá ti kú. Àwọn olólùfẹ́ bínú. Àwọn kan ní wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ ni. Àjọ náà dáhùn pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. Ọkọ̀ òde òní, wọ́n ṣe iwájú rẹ̀ kí ó lè rún, kí ó gba ìyà ìkọlù náà jẹ fún ènìyàn, wọ́n sì mú kí yàrá inú le. Irin àtijọ́ kò rún níbi tí ó yẹ. Nítorí náà ìyà náà ń kọjá tààrà sí ara awakọ̀. Ní ọdún 1972, ó lé ní ẹgbẹ̀rún 54 ènìyàn tí ó kú lójú títì Amẹ́ríkà. Iye ọkọ̀ tí ń rìn níbẹ̀ lónìí pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì, síbẹ̀ àwọn tí ń kú kò tó bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ KÚBÀ KỌ́ WA

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ibi tí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti tọ́jọ́ jù, kí ó má lọ sí Detroit. Kí ó lọ sí Kúbà. Lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959, Amẹ́ríkà fi òfin de òwò pẹ̀lú erékùṣù náà ní ọdún 1960, ó sì mú un le sí i ní ọdún 1962. Ọkọ̀ titun kò wọlé láti ibẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà rẹ̀ kò wọlé. Àwọn Chevrolet, Buick àti Plymouth tí ó ti wà nílẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wà títí di ọ̀rúndún yìí. Wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnì dísù láti ibòmíràn wọ inú wọn, wọ́n ń rọ ẹ̀yà bírékì fúnra wọn, wọ́n sì ń lẹ ara wọn ní àlẹ̀mọ́ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè sọ iye tí ó kù nínú irin àkọ́kọ́.

Ilẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, ti gbé Ògún dé, tí wọ́n sì ń bọ ọ́ títí di òní. Kò yà wá lẹ́nu pé irin kì í kú ní ilẹ̀ náà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọlọ́rọ̀ Amẹ́ríkà ni ó ní aṣọ. Òṣìṣẹ́ Havana ni ó ní àkísà tí ó níyì. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà kò retí pé yóò lo ọgọ́ta ọdún. Ńṣe ni ó ń retí pé ẹni tí ó rà á yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ tí ó ń tọ́jú rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di arúgbó.

EPO WỌ́N, AYÉ YÍ PADÀ

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró fún Amẹ́ríkà, owó epo rọ̀bì sì di ìlọ́po mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀. Ọkọ̀ ńlá wá di ẹrù. Àwọn ará Japan tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kékeré tí kì í mu epo, tí kì í sì í dẹnu kọlẹ̀, pa ìtẹ̀ síbẹ̀, àyè ṣí sílẹ̀ fún wọn. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Oldsmobile kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2004, Pontiac ní ọdún 2010. Ní ọdún 2009, General Motors àti Chrysler wọ ilé ẹjọ́ onígbèsè. Ìlú Detroit, tí iye ènìyàn inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 800 ní ọdún 1950, kò ní ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 639 lọ mọ́ ní ọdún 2020. Lẹ́yìn iye wọ̀nyí ni àwọn ìdílé wà, tí bàbá àti ọmọ ti ń jẹun láti ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí ó bá ń fi irin dídán bo iṣẹ́ tí kò dára, kì í ṣe oníbàárà nìkan ni ó ń ṣe níbi.

ÀWA ŃKỌ́?

Ní Nàìjíríà, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń rìn tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972 tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bí ti Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá òsì. Nígbà tí ó yá ni Tòkunbọ̀ dé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìyanu: Toyota Camry, tí a kà sí ọkọ̀ Japan, Georgetown ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1988. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ènìyàn wa ń pè ní Bígí Dádì, ọwọ́ òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ni ó dè wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ rẹ̀, kí ó wo nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, tí ó ní lẹ́tà àti òǹkà 17 láti ọdún 1981. Bí ó bá fi 1, 4 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, Amẹ́ríkà ni. Bí ó bá fi J bẹ̀rẹ̀, Japan ni. 2 jẹ́ ti Kánádà, 3 sì jẹ́ ti Mẹ́síkò.

Nọ́ńbà yìí kan náà ni ènìyàn fi lè wádìí ohun tí ojú ọkọ̀ náà ti rí. Ọkọ̀ tí ó ti fi orí sọ igi, tàbí tí omi ti bò mọ́lẹ̀, wọ́n a máa gbé e ta ní gbàǹjo níbẹ̀, òmíràn a sì gba ọ̀dà titun kí ó tó dé etíkun wa. Ọ̀dà kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í jẹ́wọ́.

Ìdájọ́ wa nìyí. Ẹwà ọkọ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe irọ́; ó jẹ́ iṣẹ́ ọnà, ó sì yẹ kí a bu ọlá fún un. Agbára rẹ̀ náà kì í ṣe irọ́, níbi tí wọ́n bá fi sùúrù ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú méjèèjì tí ó lè rọ́pò bírékì tí ó ń mú, ìgbànú tí ó dì, àti ọwọ́ tí ń tọ́jú. Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, bí ẹ bá dé ọjà ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ojú yín yọ̀ sí èyí tí ó wù yín, nítorí ojú ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti dógùn-ún, kí ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì mú mekánííkì tí ẹ fọkàn tán dání. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀.